Gbẹ́ kànga ná kí o tó kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀

Ìbéèrè: Màmá, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ ọdún mọ́kànlélógójì ni mí, báńkì ni mo ti ń ṣiṣẹ́ n'Íbàdàn láti ọdún mẹ́rìnlá. Ìyàwó mi ń ṣe tíṣà, ọmọ mẹ́ta la bí, èyí àgbà ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ iléèwé girama. Iṣẹ́ yìí ti sú mi dé góńgó. Ilẹ̀ ìdílé ìyá mi wà lọ́nà Ìkòyí-Ilé, lẹ́yìn Ògbómọ̀ṣọ́, ó tó éékà mẹ́wàá. Mo fẹ́ kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀ ní Oṣù Kejìlá, kí n kó lọ síbẹ̀, kí n máa jẹ ohun tí mo bá gbìn, kí n máa lo sólà, kí n ní omi tèmi, kí n má gbára lé ẹnikẹ́ni mọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ti ń gbé lóko látìgbà tí ẹ ti fẹ̀yìn tì, ṣé ó ṣeé ṣe? Kí ni kí n kọ́kọ́ ṣe?

Ìdáhùn: Ọmọ mi, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ka lẹ́tà rẹ. Ó ṣeé ṣe. Mo ń gbé e lójoojúmọ́, n kò sì ní sọ fún ọ pé kò dára. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi gun alùpùpù láti abà dé abà, tí mò ń kọ́ àwọn àgbẹ̀ bí oko wọn ṣe lè so ju bó ṣe ń so lọ. Ọdún kọkànlá rèé tí èmi fúnra mi ti ń gbé abà, tí n kò sanwó iná fún ẹnikẹ́ni, tí omi tí mò ń mu ń ti inú ilẹ̀ mi àti orí páànù mi wá. Ṣùgbọ́n gbólóhùn kan nínú lẹ́tà rẹ kọ mí lóminú: "kí n má gbára lé ẹnikẹ́ni mọ́." Mo ti rí àwọn tó gbé èrò yẹn wá sóko, mo sì ti bá àwọn kan nínú wọn di ẹrù padà sílùú.

Àwọn baba wa tí à ń pọ́n lé pé wọ́n dá dúró, wọn kò dá wà. Ará Ògbómọ̀ṣọ́ àtijọ́ ní ilé nílùú, ó sì ní abà lóko. Á lo ọ̀sẹ̀ mélòó kan lábà, á wálé ọdún, á wálé òkú, á wálé ìgbéyàwó. Bí iṣu bá ta, ó ń gbé e wálé. Bí ìjà ààlà bá ṣẹlẹ̀, baálé ló ń parí rẹ̀ nílé. Abà ń bọ́ ilé, ilé ń gbèjà abà. Nígbà tí ìjọba Busia, olórí ìjọba Gánà nígbà náà, pàṣẹ ní Oṣù Kọkànlá ọdún 1969 pé kí àwọn àjèjì tí kò níwèé ìgbélùú kúrò ní Gánà láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, ọ̀pọ̀ ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tó ń ṣòwò ní Tamale àti àwọn ìlú òkè Gánà ló kó ẹrù wálé. Ọmọ iléèwé ni mí nígbà náà, mo rántí àwọn lọ́rì náà bí wọ́n ṣe ń já èèyàn sílẹ̀. Àwọn tí kò já okùn ilé, tí wọ́n ń wá ọdún, tí wọ́n ń dá sí ìnáwó ẹbí, àwọn ni mo rí tí wọ́n tètè rí yàrá sùn, tí wọ́n sì tètè rí ilẹ̀ ro.

Wọ́n tilẹ̀ ti dán ohun tó jọ èrò rẹ wò nítòsí wa níbí. Láti ọdún 1959 síwájú, ìjọba ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà àtijọ́ dá àwọn ibùdó àgbẹ̀ tí a mọ̀ sí sẹ́túmẹ́ǹtì sílẹ̀. Ọ̀kan wà ní Ìlórà lẹ́bàá Ọ̀yọ́. Ísírẹ́lì ni wọ́n ti wo àwòṣe rẹ̀. Wọ́n kó àwọn ọ̀dọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde iléèwé síbẹ̀, wọ́n kọ́lé fún wọn, wọ́n fún wọn nílẹ̀ àti irinṣẹ́. Ọ̀pọ̀ wọn kò dúró. Owó tí wọ́n fi gbé e kalẹ̀ ga ju ohun tí oko ń mú wọlé lọ, wọ́n sì ti mú ọmọ kúrò láàárín ẹbí tí ì bá bá a gbé ẹrù. Ilẹ̀ Ìlórà kò burú. Ìdí tí mo fi ń sọ èyí ni pé ìwọ náà ní owó tí o ti kó jọ, ohun tó sì máa ń kọ́kọ́ wu ẹni tó ní owó lọ́wọ́ ni kó ra gbogbo nǹkan lẹ́ẹ̀kan náà.

Omi ni kí o kọ́kọ́ wá. Sólà lè dúró, ilé lè dúró.

Orí àpáta líle ni gbogbo agbègbè Ògbómọ̀ṣọ́ àti ìjọba ìbílẹ̀ Orí Ire jókòó lé. Omi abẹ́ ilẹ̀ wa kò tẹ́ lọ rẹrẹ. Inú ilẹ̀ rírọ̀ tó wà lórí àpáta, àti ibi tí àpáta fúnra rẹ̀ ti sán, ló fara pamọ́ sí. Ìdí nìyí tí ẹnì kan á fi gbẹ́ kànga tí omi á ru jáde, tí aládùúgbò rẹ̀ á gbẹ́ tirẹ̀ ní ọgọ́ta ẹsẹ̀ síbẹ̀, tí yóò sì kan òkúta gbígbẹ. Bí bọ́hò ló wù ọ́, pe àwọn tó ń fi ẹ̀rọ yẹ abẹ́ ilẹ̀ wò kí àwọn tó ń lu ilẹ̀ tó dé. Lọ́dún àkọ́kọ́ mi, oníbọ́hò kan sọ pé ojú òun ti mọ ibi tí omi wà, kò yẹ ilẹ̀ wò, ó lù ú títí, ó gbowó rẹ̀, ihò gbígbẹ ló fi sílẹ̀ fún mi. Owó yẹn ni mo fẹ́ fi kọ́ ilé adìyẹ. Ọdún méjì ló gbà mí kí n tó rí irú rẹ̀ kó jọ padà.

Kànga ọwọ́ ṣì ni mo fẹ́ràn jù fún ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀, ìgbà tí a bá gbẹ́ ẹ ló sì ṣe pàtàkì jù. Kànga tí o bá gbẹ́ ní Oṣù Kẹsàn-án á tàn ọ́ jẹ, torí òjò ti gbé omi abẹ́ ilẹ̀ sókè. Oṣù Kẹta ni kí o gbẹ́ ẹ, nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn ti fa ohun gbogbo gbẹ tán tí òjò kò tíì bẹ̀rẹ̀ dáadáa. Bí o bá kan omi lákòókò yẹn, jẹ́ kí àwọn agbẹ́kànga máa gbọ́n ọ́n kí wọ́n sì tún wọlẹ̀ sí i títí tí agbára wọn bá ká a dé. Fi rìǹgì kọnkéré yí i ká, gbé ẹnu rẹ̀ sókè, bò ó. Ṣáláńgá rẹ gbọ́dọ̀ jìnnà sí i tó mítà 30, kó sì wà ní ìsàlẹ̀ rẹ̀, kó má ṣe wà lókè.

Lẹ́yìn náà ni òjò. Òjò tó ń rọ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́ lọ́dún kan sún mọ́ 1,200 mìlímítà. Mìlímítà òjò kan tó bá bọ́ sórí mítà kan ní ìbú àti òró jẹ́ lítà omi kan. Bí páànù rẹ bá bo ilẹ̀ mítà 10 sí mítà 10, 120,000 lítà ló ń bọ́ sórí rẹ̀ lọ́dún; yọ ìdá kan nínú márùn-ún fún èyí tó ń ta dànù, 96,000 ló kù. Ẹ̀yin márùn-ún, bí ẹnì kọ̀ọ̀kan bá ń lo 20 lítà lóòjọ́ fún mímu, sísè àti wíwẹ̀, oṣù mẹ́rin tí òjò kì í rọ̀ yóò gba 12,000 lítà lọ́wọ́ yín. Tánkì onírọ́bà mẹ́ta tó ń gba 5,000 lítà ti kápá rẹ̀, ó ṣẹ́ kù díẹ̀ fún ewúrẹ́. Òjò àkọ́kọ́ lẹ́yìn ọyẹ́, jẹ́ kó ṣàn lọ, eruku àti ìgbẹ́ ẹyẹ ló ń fọ̀. Mo ti rí i tí èèyàn ra páńẹ́ẹ̀lì mẹ́wàá tí kò sì so ọ̀pá àgbàrá kan ṣoṣo mọ́ etí páànù rẹ̀. Ó ń dùn mí.

Má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún ọ pé omi adágún kò pa ará àtijọ́. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, mo bá àgbẹ̀ nílẹ̀ ní abà, ọkùnrin alágbára, sòbìyà ń jáde ní ẹsẹ̀ rẹ̀, kò lè tẹ ilẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ tó yẹ kó máa kọ ebè gan-an. Ebi pa ilé náà lọ́dún yẹn. Omi adágún tí gbogbo wọn ń mu ló kó o ràn wọ́n. Aṣọ tí a fi ń sẹ́ omi, kànga tí a bo lórí, àti ẹnu tí a kò yé fi sọ ọ́ ló lé àrùn yẹn lọ. Ọdún 2013 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé tó kéde pé Nàìjíríà ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Sẹ́ omi rẹ, sè é, pàápàá fún àwọn ọmọ.

Nípa ilẹ̀, o ní ilẹ̀ ìdílé ìyá rẹ ni. Nílẹ̀ Yorùbá, ọmọbìnrin ń jogún, kóòtù sì ti fi ẹsẹ̀ rẹ̀ múlẹ̀ tipẹ́. Ṣùgbọ́n kí ilẹ̀ jẹ́ ti ẹbí yàtọ̀ sí kó jẹ́ tìrẹ. Títí wọn yóò fi pín in, gbogbo ọmọ ẹbí ló ni ín, títí kan èyí tó wà lókè òkun tí kò rántí ọ̀nà oko. Gbé obì, gbé ọtí, lọ bá olórí ẹbí àti àgbà ìdí (ẹ̀ka ẹbí) kọ̀ọ̀kan, kí ìyá rẹ mú ọ dé iwájú wọn bó bá wà láyé. Má ṣe gba ọ̀rọ̀ ẹnì kan ṣoṣo nínú wọn. Bí wọ́n bá ta ilẹ̀ ẹbí láìsí olórí ẹbí níbẹ̀, asán ni lójú òfin. Bí olórí ẹbí bá sì dá a tà láìfi ti àwọn àgbà ìdí yòókù ṣe, wọ́n lè bì í wó ní kóòtù. Kí lọ́yà kọ ìwé ìpín náà, kí gbogbo wọn fọwọ́ sí i, kí sọ̀fíyà wọn ilẹ̀. Má gbin igi kajú kan, má gbin ọ̀pẹ kan, kí ọ̀rọ̀ yìí tó parí. Lójú àwọn àgbà, igi ni ẹ̀rí pé èèyàn ló ni ilẹ̀; ẹni tó tọrọ ilẹ̀ ń gbin àgbàdo, kì í gbin igi. Bí wọ́n bá ti fọwọ́ sí i, gbin pèrègún sí ààlà lọ́jọ́ yẹn gan-an, lójú wọn. Oko kì í jẹ́ ti baba àtọmọ kó má ní ààlà.

Níbo ni kí o kọ́lé sí lórí ilẹ̀ náà? Ibi tó sún mọ́ abà tó ti wà níbẹ̀ jù. Má lọ sí ìpẹ̀kun igbó nítorí pé ó dákẹ́ rọ́rọ́. Ayé tí a wà yìí, ẹni tí aládùúgbò rẹ̀ kò lè gbọ́ igbe rẹ̀ wà nínú ewu. Kí baálẹ̀ mọ̀ ọ́, kí àwọn ọdẹ abà mọ̀ ọ́, kí nọ́ńbà àwọn Àmọ̀tẹ́kùn agbègbè náà wà lórí fóònù rẹ.

Ní ti oúnjẹ, jẹ́ ká ṣírò bí òṣìṣẹ́ báńkì. Àwọn onímọ̀ oúnjẹ máa ń fi kálórì 2,100 lé èèyàn kọ̀ọ̀kan lórí lóòjọ́, bí a bá pa àgbà àti ọmọdé pọ̀. Fún ẹ̀yin márùn-ún, 10,500 ni. Kílò kan gàrí, èlùbọ́ tàbí àgbàdo gbígbẹ ní kálórì tó súnmọ́ 3,500. Ìyẹn kílò mẹ́ta lóòjọ́, ó lé díẹ̀ ní tọ́ọ̀nù kan lọ́dún, bí ẹ kò bá tilẹ̀ jẹ nǹkan míì. Àgbẹ̀ kékeré tí kò da ajílẹ̀ púpọ̀ sóko máa ń rí tọ́ọ̀nù kan àbọ̀ àgbàdo ní hẹ́kítà kan, èyí tó jẹ́ éékà méjì àbọ̀. Nítorí náà, àgbàdo tí ẹ óò jẹ nìkan fẹ́ gba éékà méjì. Fi ẹ̀wà kún un, fi iṣu, ẹ̀gẹ́, ata àti ẹ̀fọ́ kún un, fi ti ọ̀kẹ́rẹ́ àti ti ọ̀yà kún un, o ti ń sún mọ́ éékà mẹ́rin. Ilẹ̀ wa sì gbọ́dọ̀ sinmi, tàbí kí ẹ̀pà àti sóyà máa gba ipò àgbàdo níbẹ̀ kí ó lè sanra padà. Ibi tí o bá ti rí ẹkan tó gba ilẹ̀, ó ti rẹ ilẹ̀ yẹn. Éékà mẹ́wàá rẹ kò pọ̀ jù rárá.

Oṣù tí yóò dán ọ wò ni Oṣù Karùn-ún àti Oṣù Kẹfà. Iṣu tó wà nínú àká ti tán tàbí ó ti ń hù, tuntun kò tíì ta, àgbàdo ṣì ń tú ewé. Ẹni tí kò ṣe èlùbọ́ nígbà ọyẹ́ yóò ra oúnjẹ lọ́jà Jagun ní Ògbómọ̀ṣọ́ lówó tó ga jù lọ nínú ọdún. Oṣù Kejìlá àti Oṣù Kìíní, tí afẹ́fẹ́ gbẹ, ni kí o bọ iṣu, kí o sá a kó gbẹ kó máa dún kokoko. Ẹ̀wà àti àgbàdo, kó wọn sínú àpò onípele mẹ́ta tí afẹ́fẹ́ kì í wọ̀, so ó pinpin; kòkòrò tó bá wà nínú rẹ̀ á kú fúnra rẹ̀, o kò nílò oògùn. Àgbàdo tó bá ti bu, má fún ọmọ jẹ, má fún adìyẹ jẹ. Májèlé inú rẹ̀ kì í jáde nínú sísè, ó ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́. Àwọn onímọ̀ ní IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà n'Íbàdàn, ti ṣe ohun kan tí wọ́n ń pè ní Aflasafe, tí à ń fọ́n sóko láti dín in kù.

Ta ni yóò ro ó? Àgbàdo fẹ́ ìroko ẹ̀ẹ̀mejì ó kéré tán, ẹ̀gẹ́ fẹ́ tó ẹ̀ẹ̀mẹta, gbogbo rẹ̀ sì máa ń bọ́ sí ọ̀sẹ̀ kan náà. Ọwọ́ tó ti fi ọdún mẹ́rìnlá tẹ kọ̀ǹpútà á ta àpáàdì nínú oṣù kan, ìyẹn kò le. Ẹ̀yìn ni kì í tètè gbà. Lọ́dún àkọ́kọ́, o lè kọ igba ebè méjì, bóyá mẹ́ta. Alágbàṣe wà, àwọn Àgàtú wà, àwọn tó wá láti orílẹ̀-èdè Olómìnira Bẹ̀nẹ̀ wà, ṣùgbọ́n owó ni wọ́n ń gbà, ìwọ sì ní o kò fẹ́ máa wá owó mọ́. Ohun tó gbé àwọn baba wa dúró ni àáró àti ọ̀wẹ̀. Bí o bá dá àáró pẹ̀lú ọkùnrin mẹ́ta lábà, wọ́n á ro tìrẹ lónìí, ìwọ náà yóò ro tiwọn lọ́la, ní wákàtí tí wọ́n bá pè ọ́, bí ó tilẹ̀ rẹ̀ ọ́. Ọ̀wẹ̀ ni pé o pe èèyàn púpọ̀ fún iṣẹ́ ọjọ́ kan, o sì bọ́ wọn yó. Ẹni tí kò bá gbára lé ẹnikẹ́ni, kò sí ẹni tí yóò dá a lóhùn lọ́jọ́ ọ̀wẹ̀. Nítorí èyí, lọ kí wọn kí o tó nílò wọn. Lọ sí ìsọmọlórúkọ wọn. Wọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wọn, kódà bí iye tí o ń dá bá kéré.

Àwọn Fúlàní tó wà ní gáà nítòsí náà wà nínú àwọn tí kí o lọ kí. Wàrà tí ìyàwó wọn ń gbé kiri dára fún àwọn ọmọ rẹ, ìgbẹ́ màlúù wọn dára fún ilẹ̀ rẹ. Òfin ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ láti ọdún 2019 kò fàyè gba fífi màlúù jẹko káàkiri, ṣùgbọ́n òfin kì í sùn lóko, ìwọ àti àwọn àgbà gáà lẹ jọ ń sùn níbẹ̀. Èmi àti ìyá kan ní gáà jọ ṣe àdéhùn: lẹ́yìn ìkórè, pòròpórò àgbàdo mi jẹ́ ti màlúù wọn, mo sì ń kó ìgbẹ́ wọn. Láti ọdún mẹ́fà, màlúù kò wọ ẹ̀gẹ́ mi.

Ní tèmi, iná igbó ló ṣe mí ní jàǹbá. Ní Oṣù Kejì ọdún kẹta mi, ẹnì kan finá sí igbó nítorí òkété, afẹ́fẹ́ gbé e, ó jó igi kajú mi mẹ́tàlélógún tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tanná àkọ́kọ́. Mo jókòó sílẹ̀, mo sunkún. Láti ìgbà yẹn, kí Oṣù Kejìlá tó parí, mo ti máa ń fi ọkọ́ họ ilẹ̀ mítà márùn-ún yí oko ká, kó má ku koríko kan níbẹ̀. Ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́dọọdún, má ṣe é lọ́dún kan kí o gbàgbé lọ́dún kejì.

Iná mànàmáná tí o ń rò jù lọ ni mo kà sí èyí tó rọrùn jù. Kọ ohun tí o fẹ́ lò sílẹ̀. Gílóòbù 9 wáàtì mẹ́fà fún wákàtí márùn-ún jẹ́ 270. Fáànù 50 wáàtì méjì fún wákàtí mẹ́jọ jẹ́ 800. Fóònù àti rédíò, bíi 80. Fíríìjì kékeré tí kì í jẹ iná púpọ̀, bíi 700. Àròpọ̀ rẹ̀ jẹ́ 1,850 wáàtì-wákàtí lóòjọ́. Páńẹ́ẹ̀lì 400 wáàtì méjì á gbé e, kódà nínú ìkúùkù Oṣù Kẹjọ bí o bá ṣọ́ fíríìjì lò. Bátìrì lítíọ́mù 24 fólìtì, 100 ámpù-wákàtí, á gbé ọ di òwúrọ̀. Èyí tí wọ́n ń fi òjé ṣe kò wọ́n tó o lójú ọjà, ṣùgbọ́n bí o bá ń lò ó kọjá ìdajì, á kú kíákíá, nítorí náà o ní láti ra èyí tó sún mọ́ ìlọ́po méjì, wàá sì pààrọ̀ rẹ̀ nígbà tí lítíọ́mù ṣì ń ṣiṣẹ́. Áyọ́ọ̀nù àti ẹ̀rọ ìgbómigbóná kò sí nínú ìṣirò yìí. Nígbà ọyẹ́, nu ojú páńẹ́ẹ̀lì lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ní ìdájí, kí oòrùn tó mú un gbóná. Bí o bá ní pọ́ńbù, ọ̀sán gangan ni kí o fi gbé omi sí tánkì òkè.

Owó kò ní kú lóko. Iyọ̀, ọṣẹ, dátà, owó iléèwé, oògùn ibà, aṣọ ẹbí, owó mọ́tò lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́, kò sí èyí tó ń hù nínú wọn. Kajú ni mo gbà ọ́ níyànjú fún èyí, lẹ́yìn tí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ bá ti parí. Fi mítà mẹ́wàá sí àárín igi kan àti èkejì, ogójì igi á wọ éékà kan. Á bẹ̀rẹ̀ sí so ní nǹkan bí ọdún kẹta, ó sì ń so láti Oṣù Kejì wọ Oṣù Kẹrin, ìgbà tí kò sí ohun míì láti tà. Ṣùgbọ́n ọdún mẹ́ta yẹn ńkọ́? Ibẹ̀ ni owó oṣù ìyàwó rẹ ti ṣe pàtàkì. Ní ti owó ìfẹ̀yìntì rẹ, má fọkàn sí gbogbo rẹ̀. Òfin pẹ́ńṣàn ọdún 2014 sọ pé ẹni tí kò tíì pé àádọ́ta ọdún tó bá fi iṣẹ́ sílẹ̀, tí oṣù mẹ́rin kọjá tí kò ríṣẹ́ míì, lè gba tó ìdá kan nínú mẹ́rin owó tó wà lórúkọ rẹ̀. Ìyókù ń dúró dè ọ́. Bí o bá sì jẹ báńkì rẹ ní owó tí wọ́n ń yá òṣìṣẹ́, ka ìwé àdéhùn rẹ̀ lálẹ́ òní, torí ọ̀pọ̀ irú gbèsè bẹ́ẹ̀ máa ń di èyí tí a óò san lẹ́ẹ̀kan náà lọ́jọ́ tí a bá kọ̀wé.

Ìlera: forúkọ gbogbo yín sílẹ̀ lọ́dọ̀ àjọ adójútòfò ìlera ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ kí èyí tí báńkì ń san tó parí. Wọ bàtà rọ́bà gígùn wọ oko. Bí ejò bá bu ẹnikẹ́ni jẹ, ẹ má fi abẹ sín ojú rẹ̀, ẹ má so ó pinpin. Ẹ jẹ́ kí ẹsẹ̀ náà dúró sójú kan, kí ẹ sì gbé e lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́. Ilé ìwòsàn tí àwọn Onítẹ̀bọmi bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ ní 1907, tó ti di ti Yunifásítì Bowen, wà níbẹ̀, ti Yunifásítì LAUTECH náà wà níbẹ̀. Mọ ẹni tó ní mọ́tò lábà, kí ó sì mọ̀ pé ìwọ yóò pe òun lóru.

Nítorí náà, má kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀ ní Oṣù Kejìlá yìí. Gba ìsinmi rẹ lákòókò yẹn, lọ sun abà fún ọ̀sẹ̀ méjì, kí ọyẹ́ fẹ́ lù ọ́. Parí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ láàárín Oṣù Kìíní àti Oṣù Kejì. Gbẹ́ kànga ní Oṣù Kẹta. Bí òjò Oṣù Kẹrin bá dé, gbin éékà kan péré, kí o máa wá láti Ìbàdàn lópin ọ̀sẹ̀, kò ju bí ọgọ́rùn-ún kìlómítà lọ dé Ògbómọ̀ṣọ́. Dá àáró kan. Fi ìsinmi tó kù lọ síbẹ̀ ní Oṣù Kẹfà, kí o má gbé oúnjẹ kankan lọ, kí o wo ohun tí wàá rí jẹ. Ní Oṣù Kọkànlá, ka àpò tó wọlé, kí o kọ gbogbo náírà tó jáde sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Bí ọkàn rẹ bá ṣì ń fà sí i nígbà yẹn, kọ ìwé náà, èmi ni n óò kọ́kọ́ gbé iṣu èèbù wá fún ọ.

Ó ku ọ̀kan. Nínú gbogbo lẹ́tà rẹ, "mo fẹ́" àti "kí n" ló pọ̀ níbẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lo dárúkọ ìyàwó rẹ, nígbà tí o ń sọ iṣẹ́ tó ń ṣe. Ta ni yóò pọn omi bí o bá lọ sípàdé ẹbí? Ta ni yóò mú ọmọ tó wà ní girama lọ síléèwé, iléèwé wo sì ni? Ṣé ó lè gba ìwé ìṣípòpadà sí Ògbómọ̀ṣọ́, kí ẹ ní yàrá kan nílùú níbẹ̀ fún àwọn ọjọ́ iléèwé, kí abà jẹ́ ti ọjọ́ Jímọ̀ sí ọjọ́ Àìkú fún òun àti àwọn ọmọ lọ́dún méjì àkọ́kọ́? Èmi rò pé ọ̀nà tó dára jù nìyẹn, ṣùgbọ́n òun ló yẹ kó sọ ọ́. Fi ìdáhùn yìí hàn án. Lẹ́yìn náà, jẹ́ kó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ̀wé sí mi, n óò dá òun náà lóhùn.